Tìróò Lẹ́nu Ọ̀nà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọyẹ́ ti fi ẹfun kun òrùlé Bẹẹrẹ,
páànù tó ti dípẹtà tún wọ aṣọ eruku.
Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ìloro, ó ń lé tìróò
sí ojú méjèèjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.
"Tinúadé, sún mọ́ mi." Ó lé e fún èmi náà.
N kò lè sọ fún un pé n óò fọ̀ ọ́ nù
kí oòrùn tó yọ.

Ní Olúyọ̀lé, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bisikíìtì,
yàrá kan wà tí a ti ń rọ oògùn ojú sínú ìgò
tí kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ.
Mo ṣí omi. Tìróò ṣàn lọ, dúdú, sínú bàsíà irin.
Àtíkè, rárá. Yẹtí, rárá. Ìpara, rárá.
Mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo wọ fìlà, mo wọ ẹ̀wù funfun tí kò lápò,
ìbọ̀wọ́ lórí ìbọ̀wọ́, awò lójú,
títí n kò fi jọ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà, wọn kì í ṣí pọ̀:
bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì a panu mọ́.
Nínú lọ́hùn-ún, ògiri kò ní igun,
ó rọra tẹ̀ pàdé ilẹ̀ bí ìdí igbá,
alántakùn kò ríbi so òwú kọ́.
Afẹ́fẹ́ ń gba inú fíltà sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà,
kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì,
lẹ́yìn náà a fún ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Yàrá tó ń mí síta ni. Kì í mí sínú.
Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì;
yàrá yìí ò gbe àwa méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n Akínfẹ́nwá tó kọ́ mi níṣẹ́ bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́:
"Èwo ló dọ̀tí jù nínú ohun tó wà níbí?"
Mo nàka sí ilẹ̀. Mo nàka sí tábìlì.
Ó nàka sí mi.
Awọ ara ni, irun ni, èémí ni, ọ̀rọ̀ tí o kò lè gbé mì.
Máa rìn bí ẹni tó ru omi láìní òṣùká.
Bí imú bá ń yún ọ, jẹ́ kó yún.

Níléèwé, bí kíláàsì bá ti ń gòkè ni ìyá ń dúpẹ́;
níbí, bó ti ń relẹ̀ ni iyì ń pọ̀ sí i.
Kíláàsì kẹjọ la ti ń múra,
kíláàsì karùn-ún la ti ń rọ oògùn,
níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń fa afẹ́fẹ́ mu
tó ń ka eruku tí ojú kò lè rí
lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ahun tó ń ka owó.

Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́.
Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré.
Nínú òkùnkùn mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ níbẹ̀ rí:
ìdákẹ́jẹ́.
Abẹ́rẹ́ ara ògiri wó lulẹ̀ sí òdo,
yàrá sì fa Ìbàdàn símú.
Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ń kà, ó ń kà,
kò dúró lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kò dúró lórí mẹ́wàá.

Ìgò ẹgbàajì ló wà lórí àtẹ, ọ̀pọ̀ ò tí ì ní ìdérí.
Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó gbé fóònù ara ògiri:
"Àáyá mọ́kànlá, Tinú. Ta ni yóò mọ̀?
Oògùn yẹn ṣì mọ́ lójú."

Ó mọ́ lójú lóòótọ́.
Mo rántí ojú kan lẹ́nu ìloro
tí yóò gbé ara rẹ̀ sókè, tí yóò ní kí n kán an sí òun,
tí kò ní bi mí ní nǹkan kan.
Mo mú bírò. Mo kọ aago, mo kọ iye, mo fọwọ́ sí i.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ẹ dà á nù.

Ẹ̀gbọ́n Akínfẹ́nwá bá mi ru páálí. Kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé, Ìyá àgbà fọwọ́ wá ojú mi kiri.
"Tìróò mi dà?"
Mo ní ọyẹ́ ló gbé e lọ.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tún na ọwọ́ wá igi tìróò.